Ẹní Orí Àjà

Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n fẹ́ dáná sun ìbọn ní Ìbà, ohun tó ń bí Adéyẹmí nínú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Ẹyin ni. Ìkòkò mọ́ínmọ́ín ńláńlá jókòó sórí iná lẹ́yìnkùlé wọn ní Okokomaiko, èéfín gba gbogbo àgbàlá, ọkùnrin náà sì dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú sùtánà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó ń wo bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń ti ẹyin bọ inú ewé.

"Ìyá Fúnkẹ́, èyí tí ẹyin wà nínú ẹ̀ yẹn, ti ta ni?"

"Ti àlejò ni."

"Èyí tí kò ní ẹyin ńkọ́?"

"Ti onílé ni."

"Èmi tí mo kọ́lé, tí mo ra ẹ̀wà, tí mo gbé e lọ sílé ọlọ́lọ̀, èmi náà ni n ó jẹ mọ́ínmọ́ín tó ṣófo?"

"Ẹ̀yin náà lẹ wàásù lọ́jọ́ Àìkú pé ohun tó bá dára jù nínú ilé, àlejò ni kí á fún. Èmi ń tẹ̀lé ìwàásù Lídà ìjọ ni o."

Felicia kò gbé ojú sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Obìnrin tí kì í da omi tó fi ṣan ìrẹsì nù ni. Ó ní ewúrẹ́ á mu ún. Ìdajì ọṣẹ, ìdajì àbẹ́là, ìṣó tó ti wọ́, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wá iṣẹ́ fún. Kò sí ohun tó ń bí i nínú bíi nǹkan tó jókòó lásán nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jókòó pẹ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń múra fún lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti àdúgbò nìkan mọ́. Ní ọdún tó ṣáájú, lálẹ́ ọjọ́ kan tí gbogbo onílé òpópónà wọn gbé ìbọn jáde láti retí àwọn adigunjalè, adigunjalè kò wá. Bàṣírù ló wá. Bàṣírù ni ọmọ Àlàájà Mùsítúrà tí ilé rẹ̀ fara kan ti Adéyẹmí. Alábà níbi tó ti ń tún rédíò ṣe ló ti ń bọ̀, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Alàgbà Òjó, alága àwọn onílé, yìnbọn lù ú lẹ́sẹ̀, ó sì kígbe pé òun ti mú olórí wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n rí i pé olórí wọn ni ọmọ tó tún rédíò alága fúnra rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ kan Bàṣírù ti kúrú ju èkejì lọ. Owó àdúgbò tí wọ́n ń san láti ra ọta ni wọ́n kó san fún ilé ìwòsàn.

Felicia àti Àlàájà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn onílé pé kí wọ́n kó ìbọn wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin Ọ̀jọ́ àti Ìbà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì rí irú ara rẹ̀ ní Gánà, ní Làìbéríà, ní Málì. Wọ́n gbọ́ pé ní Tìmbúkútù, wọ́n ti kó ìbọn jọ, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní í jẹ́ kí ìbọn kéékèèké máa wọlé bó ṣe wù ú mọ́. Felicia ní ìwé dára, ṣùgbọ́n kò tíì rí ìwé tó kan ilẹ̀kùn rí. Òun ló lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ títí ọ̀gá náà fi gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá mú ìbọn wá ṣáájú kí wọ́n tó tan iná lọ́jọ́ Sátidé náà, àwọn kò ní í bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kí ó má bínú.

Ní ìpàdé àwọn onílé tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí olúkúlùkù dìde, kí ó sọ ohun tó wà nílé rẹ̀. Adéyẹmí ló kọ́kọ́ dìde.

"Nínú ilé tèmi, kò sí ìbọn. Àní ọ̀bẹ ilé ìdáná wa pàápàá kò mú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Felicia nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní ọwọ́ òun dọ̀tí.

Nísinsìnyí, píkọ́ọ̀pù tí yóò kó oúnjẹ lọ sí pápá ìjọ ní Ìbà ti dé ẹnu ọ̀nà, awakọ̀ ń fọn fèrè. Wọ́n gbé ìkòkò méjì wọlé sínú rẹ̀. Felicia nu ọwọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, ó sì yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fúnkẹ́, ṣé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bá mi sọ kí n tó lọ?"

"Bíi kí ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo kàn ń béèrè ni."

"Ó wà o. Ẹyin."

"Kò sí òmíràn?"

"Owó ọ̀kadà. Sùtánà kò ní àpò. Tú kókó etí aṣọ rẹ yẹn, kí o fún mi níbẹ̀."

Felicia fi ọwọ́ bo kókó náà lójú ẹsẹ̀. "Èyí kì í ṣe owó. Tiyín wà lábẹ́ ìrọ̀rí."

"Tí kì í bá ṣe owó, kí ni obìnrin ń so mọ́ etí ìró?"

"Nǹkan tí mi ò fẹ́ kó sọnù," ó ní, ó sì gun ọkọ̀ lọ.

Adéyẹmí dúró títí èéfín ọkọ̀ náà fi lọ tán. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gbé àga sórí tábìlì.

Kápẹ́ńtà ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àjà yàrá wọn, ó sì mọ pákó kan tó dà bíi pé wọ́n kàn án ṣùgbọ́n tí wọn kò kàn. Lókè ibẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ wà, ẹlẹ́nu kan, èyí tí ọkùnrin kan tó ní ojú ogun Làìbéríà lòun ti dé tà fún un nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọta kan wà nínú rẹ̀. Ó ti ká a sínú ẹní àtijọ́ kan tí eku ti jẹ létí, ó sì fi okùn búlúù tí wọ́n fi ń di pákó dè é. Kò yìn ín rí. Bí ajá bá ń gbó lóru, ó kàn máa ń dùbúlẹ̀, á wo òkè, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ díẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án lásán ni láàárọ̀ yìí, kí ó mọ̀ pé ó fara pamọ́ dáadáa.

Ó sún pákó náà. Ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún. Ó na ọwọ́ sí apá òsì. Ó yọ orí wọlé pátápátá. Wọ́n ti gbá òkè àjà náà mọ́ tónítóní.

"Fúnkẹ́!"

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń dúró de ìkòkò tó kù kó jinná, sáré wá. Orí bàbá rẹ̀ kò sí. Sùtánà nìkan ló rí, àti ẹsẹ̀ méjì lórí àga.

"Dádì, kí lẹ ń wá lókè?"

"Ta ló gbá ibí yìí?"

"Èmi ni. Lánàá ni Mọ́mì ní kí n gbá a. Ẹ ò gbóòórùn eku tó kú síbẹ̀ ní?"

"Ẹní kan wà níbẹ̀."

"Èyí tí eku jẹ? Wọ́n ti kó o lọ." Fúnkẹ́ ń fi ìgbákọ ya afẹ́fẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. "Ọlọ́mọlanke wá kó gbogbo ẹní àtijọ́ àdúgbò kí ẹ tó jí. Mọ́mì ní kò dáa kí á máa fi owó ra igi nígbà tí ẹní tí kò wúlò wà nílé. Òun ni wọ́n máa fi ko iná náà. Tiwa gan-an wúwo, Mọ́mì ní igi kan wà nínú ẹ̀, pé á jó dáadáa."

Adéyẹmí gbọ́ "iná". Ó gbọ́ "igi". Ó bọ́ sílẹ̀ láìrántí pé orí tábìlì ni àga wà.

Fúnkẹ́ gbé e dìde. "Dádì! Ẹní lásán?"

"Ti ìyá mi ni," Adéyẹmí ní, ó sì ń tiro jáde. Ìyá rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀dì ni obìnrin náà sì ń sùn lé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó gbàgbé owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Lídà ìjọ funfun kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré jáde sí títì Bàdágírì, tó ń jan ẹsẹ̀ mọ́ òkúta, tó sì ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà tó dúró wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Wòlíì, ṣé ẹ̀mí ló gbé yín ni?"

"Ìbà! Pápá ìjọ! Yára!"

"Níbi tí wọ́n ti fẹ́ sun ìbọn? Ẹ má kánjú, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wòlíì."

"Ohun tí mo ń bẹ̀rù náà nìyẹn, pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀."

Ní Ìyànà Ìbà, àwọn tó ń ta ìgò epo àti àwọn tó ń pe èrò rí sùtánà funfun tó ń fẹ́ lẹ́yìn ọ̀kadà bí aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n kígbe "Hálélúyà!" tẹ̀ lé e. Ojú iná ni Adéyẹmí ń rí. Ó ń rí ọta kan nínú irin tó ń gbóná, àti ènìyàn tó pọ̀ bí eèrà yí i ká. Bí ó bá tètè dé, yóò fa ẹní náà jáde jẹ́jẹ́, yóò gbé e gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí kò bá tètè dé, kò fẹ́ rò ó. Bí ó bá sì kígbe ní gbangba, ẹnu wo ni Felicia yóò tún fi kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni? Wọ́n á ní ìyá tó ń gba ìbọn ìlú, abẹ́ ìbọn ló ń sùn.

Nígbà tí wọ́n dé, ó ní kí ọlọ́kadà dúró gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rí. Ọlọ́kadà náà sọ ohun kan nípa àwọn wòlíì tí a kò ní í kọ síbí.

Pápá kún. Kánópì méjì ni wọ́n ta. Lábẹ́ ọ̀kan ni àwọn àlejò wà, obìnrin dúdú kan tó ga láti Làìbéríà, ọkùnrin méjì láti Gánà, àti òyìnbó kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ń rì sínú yanrìn díẹ̀díẹ̀, tí ìwà rere kò sì jẹ́ kó dìde. Ní àárín pápá ni òkìtì náà wà. Wẹ́dà ti gé ẹnu gbogbo ìbọn náà lójú ọlọ́pàá, wọ́n sì kó ìdí wọn tó jẹ́ igi lé orí ara wọn, ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ, ìbọn tí wọ́n fi irin kẹ̀kẹ́ ṣe. Lábẹ́ wọn ni àwọn ẹní àtijọ́ wà, tí wọ́n ti da kẹrosíìnì sí. Adéyẹmí rí okùn búlúù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.

Ó fi ọgbọ́n rìn yí òkìtì náà ká, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ kápẹ́ńtà ẹlòmíràn wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí ẹní mú, ó fà á. Gbogbo òkìtì mì.

"Lídà! Kí lẹ ń fà?"

Àlàájà Mùsítúrà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ti ká ọwọ́ sí ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, Àlàájà. Ẹní yìí ni. Èyí tó dáa ni wọ́n ṣèèṣì kó mọ́ ọn."

"Èyí tí eku ti jẹ etí ẹ̀ tán yẹn ló dáa? Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, Lídà ń du ẹní mọ́ iná lọ́wọ́!"

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní bóyá abẹ́ ẹní náà ló ń kó owó sí. Òmíràn ní rárá, ẹní tó fi fẹ́ Ìyá Fúnkẹ́ sílé ni, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Adéyẹmí rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, òógùn ń ṣàn gba ọrùn rẹ̀ wọ sùtánà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára okùn.

"Àlàájà, ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí n..."

"Lídà Adéyẹmí!" Alàgbà Òjó ló ń pè é látorí gbohùngbohùn. "Ẹ máa bọ̀ níwájú. Ibí ni àyè yín wà."

Wọ́n fi í jókòó láàárín Alàgbà Òjó àti ọ̀gá ọlọ́pàá. Obìnrin Làìbéríà náà ló ń sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Felicia sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ohùn ìyàwó rẹ̀ kò yára, kò falẹ̀.

"Ó ní ìbọn tó pa àbúrò òun, kì í ṣe ìlú àwọn ni wọ́n ti rọ ọ́. Ó ní nígbà tí ogun àwọn sinmi, ìbọn kò sinmi. Ó wọkọ̀, ó wá ìlú mìíràn lọ. Ó ní ó ṣeé ṣe kó ti dé òpópónà yín kí òun tó dé."

Adéyẹmí wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó ní àwọn ìjọba wa ti fọwọ́ sí ìwé, ó sì dára. Ó ní àmọ́ ìwé kì í gun àjà. Ó ní ìwé kì í wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní àwa tí a ń gbé inú ilé ni kí á wò ó."

Adéyẹmí kò mọ̀ bóyá obìnrin náà dárúkọ àjà lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára jù. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ojú sókè, òun ni ìyàwó rẹ̀ ń wò.

Alàgbà Òjó gba gbohùngbohùn padà. Ó sọ ti ara rẹ̀ ní ṣókí. Ó ní gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí òun yìnbọn fún, òun kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ ṣe é lóge. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè.

"A ti ronú pé ta ni kó tan iná yìí. Kò yẹ kó jẹ́ èmi. A ní kó jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ dìde láàárín wa, tó ní kò sí ìbọn nílé òun, àní ọ̀bẹ ilé ìdáná òun kò mú!"

Pápá hó yèè. Kí Adéyẹmí tó mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, ògùṣọ̀ tó ń jó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òyìnbó ti dìde kúrò nínú yanrìn, ó ń ya fọ́tò, àwọn ọmọdé sì ti sáré gba abẹ́ okùn wọlé kí wọ́n lè rí iná nítòsí. Felicia rìn wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Fúnkẹ́, ẹ tan iná."

"Ní kí wọ́n sún sẹ́yìn."

Wọ́n sún sẹ́yìn. Adéyẹmí gbé ẹsẹ̀ kan. Wọ́n sún síwájú padà.

"Ẹ sún sẹ́yìn o! Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa!"

"Lídà, ìbọn tí wọ́n ti gé ni!" Àlàájà kígbe. "Àbí wọ́n tún lè jí dìde?"

Ẹ̀rín sọ. Inú ẹ̀rín náà ni Adéyẹmí ti rí Fúnkẹ́. Ọmọ náà ti dé pẹ̀lú ìkòkò tó kù, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́bàá òkìtì, ó sì dúró sí ìdí okùn búlúù gan-an, ó ń juwọ́ sí bàbá rẹ̀, ó ń yọ̀ pé òun ni wọ́n fún ní ògùṣọ̀.

Adéyẹmí wo iná. Ó wo ọmọ rẹ̀. Garawa omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí bóyá iná á ràn. Ó ti ògùṣọ̀ náà bọ inú rẹ̀. Ó pariwo ṣìì, èéfín bo sùtánà rẹ̀.

Òyìnbó gbé kámẹ́rà kúrò lójú.

"Ìbọn mi wà nínú ẹní yẹn," ó ní. "Èyí tí mo fi okùn búlúù dè. Ọta wà nínú ẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀ ni ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Bàtà kún ilẹ̀. Àga ṣubú lu àga. Alàgbà Òjó, tó ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun láti Àjíǹde, kọjá àwọn ọ̀dọ́ méjì ní ìdí kánópì. Òyìnbó ti wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, àmọ́ kámẹ́rà rẹ̀ yọ síta. Fúnkẹ́ nìkan ló gbé ìkòkò mọ́ínmọ́ín rẹ̀ kó tó sá. Ọmọ Felicia ni lóòótọ́.

Ẹnì kan ń bọ̀ ní òdì kejì. Bàṣírù ni, ó ń tiro bọ̀ láàárín àwọn tó ń sá, kò kánjú. Ó gbé àwọn ìdí ìbọn kúrò lórí ẹní, ó fa ẹní náà yọ, ó tú okùn, ó sì na irin dúdú náà sílẹ̀ lórí yanrìn. Ó ṣẹ́ ẹ lágbedeméjì, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ rédíò wò.

"Lídà, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀!" Ohùn Adéyẹmí le bí ti ẹni tí wọ́n jà lólè. "Èmi fúnra mi ni mo fi í síbẹ̀!"

Felicia kò tíì kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìgbà yìí. Ó mú etí ìró rẹ̀ sókè, ó tú kókó náà, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọta pupa kan jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti dán nítorí aṣọ tó ti ń ha á lára.

"Láti ọjọ́ tí eku kú sórí àjà ló ti wà lọ́dọ̀ mi," ó ní. "Bàṣírù ló bá mi yọ ọ́."

Ọ̀gá ọlọ́pàá gbà á, ó wò ó, ó wo òkìtì tí iná kò tíì kàn. "Wọn kò tíì tan iná," ó ní. "Mi ò ní ìbéèrè."

Àwọn èèyàn ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì. Adéyẹmí dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igi ògùṣọ̀ tútù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán, eérú lára sùtánà. Àlàájà Mùsítúrà ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Lídà, ọ̀bẹ ilé ìdáná yín yẹn ńkọ́? Ṣé kò mú lóòótọ́, àbí kí á lọ wò ó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín tó lè pa èèyàn. Nígbà tí ariwo rọ̀, obìnrin Làìbéríà náà béèrè ohun tí ọkùnrin yìí sọ tí gbogbo èèyàn fi sá. Felicia túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wá síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ojú ẹni tó mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ tì í sún mọ́ wẹ́dà.

Wẹ́dà gé ẹnu rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Bàṣírù gbé ìdí rẹ̀ lé orí òkìtì, ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé ẹní Lídà ńkọ́, Adéyẹmí sì fúnra rẹ̀ gbé e, ó tẹ́ ẹ padà sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tan ògùṣọ̀ mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó ní kí wọ́n sún sẹ́yìn, gbogbo wọn lọ jìnnà gan-an.

Kí ó tó di pé òòrùn wọ̀, ọkùnrin méjì mìíràn ti ilé wọn dé pẹ̀lú nǹkan tí wọ́n fi aṣọ wé, wọ́n ń béèrè bóyá iná ti kú tán. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo òkè, bí ẹni pé òjò ló fẹ́ rọ̀, ó ní lójú òun, iná náà ṣì ń jó. Ọ̀kan nínú wọn wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Adéyẹmí jù ní ìpàdé.

Nírọ̀lẹ́, Adéyẹmí jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ti fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná. Felicia ń ṣa ewé tí kò ya jọ, ó ní wọ́n á tún wúlò. Kò bá a wí. Láti Ìbà títí délé, kò sọ ju pé kí ó rọra gun ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ ìbá fẹ́ kí ó pariwo.

"Ìyá Fúnkẹ́."

"Ẹn."

"Ká ní mo tan iná náà ńkọ́? Ká ní mi ò sọ nǹkan kan?"

Felicia da ewé kan tó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú òmíràn, ó tẹ́ ẹ lórí itan, ó fi ọwọ́ nù ún láti òkè dé ilẹ̀. Ajá kan gbó ní òpópónà kejì. Adéyẹmí gbé ojú sókè kí ó tó rántí pé kò sí ohun tí yóò wò lókè mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó wọ ilé ìdáná. Nígbà tó jáde, ó gbé àwo kan ka iwájú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, èyí tó kù lẹ́yìn àlejò. Ó padà sídìí ewé rẹ̀.

Adéyẹmí bó ewé náà. Ó bu mọ́ínmọ́ín sí méjì.

Ẹyin wà nínú rẹ̀, odindi.